Àwọn Ọmọ Tó Sìn Wá Láti Inú Ilé

Ìwé ìkọ̀wé kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀yin ará. Ìwé olówó pọ́ọ́kú ni, irú èyí tí a máa ń rà fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, epo sì ti ta sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ìtàn kankan nínú rẹ̀. Orúkọ ló wà níbẹ̀, orúkọ àwọn bàbá àti ìyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ń gbé ní Muchia àti Sábọ́n Gàrí níbí, pẹ̀lú nọ́mbà fóònù wọn. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ilà tàbí òdo fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ilà túmọ̀ sí pé ẹni náà gbé fóònù, ó sì wà ní àlàáfíà. Òdo túmọ̀ sí pé kò gbé e. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló ni ìwé náà. Ní ọdún 2020 tó kọ ọ́, ó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, yunifásítì sì ti tì pa.

Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́ lọ́dún tó kọjá, ó fẹ́ jù ú nù. Mo ní kó gbé e fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì àgbà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nìyí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Wúsásà, torí pé ìtàn bí àwọn ọmọ yunifásítì ṣe ń sin ìlú ní Nàìjíríà kò jìnnà sí wa rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń gba ibẹ̀ kọjá láì rántí pé ibẹ̀ ni Yakubu Gowon ti dàgbà. Ọmọ Ngas láti Plateau ni bàbá rẹ̀, ajíhìnrere CMS sì ni. Iṣẹ́ ìhìnrere ló kó òun àti ìdílé rẹ̀ wá sí Zaria. Wúsásà ni Gowon ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí Government College, èyí tí a mọ̀ sí Barewa lónìí. Mi ò ní sọ pé torí ìyẹn ló ṣe dá NYSC sílẹ̀. Ogun abẹ́lé ló fà á, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó bá dàgbà nílùú tí kì í ṣe ìlú bàbá rẹ̀, á mọ ohun tí irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ènìyàn. Àwa Yorùbá Muchia náà mọ̀ ọ́n, àbí?

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1973, ìjọba Gowon gbé Òfin 24 jáde, òun ló dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà kò kọ́kọ́ gbà á. Wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọ́n ní kí ló dé tó jẹ́ àwọn ni wọ́n fẹ́ fi ọdún wọn tún ohun tí àwọn àgbà bà jẹ́ ṣe. Ẹjọ́ wọn kò burú tó bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n òfin ti dé. Ọmọ Ìbàdàn ní láti lọ gbé ní Ṣókótó, ọmọ Kánò ní láti lọ kọ́ni ní Ẹnúgu, kí wọ́n jẹ oúnjẹ ibẹ̀, kí wọ́n gbọ́ èdè ibẹ̀. Yàtọ̀ sí ibi iṣẹ́ wọn, ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí wọ́n á fi ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè fún àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ láti ìgbà náà wá.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ ni gbogbo ètò yìí dúró lé. Bí o kò bá kúrò nílé, o kò tíì sìn. Ohun tí kòrónà wá fọ́ gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, lára ọkùnrin ará Ítálì kan tó gba Èkó lọ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, àwọn àgùnbánirọ̀ tuntun wọ àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti lo ọjọ́ mọ́kànlélógún. Lọ́jọ́ kejì gan-an, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àjàkálẹ̀ àrùn gbogbo ayé ni. Nígbà tó di ọjọ́ 18, wọ́n ti ní kí gbogbo àwọn ọmọ náà palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kúrò ní àgọ́. Ìjọba ní kí yunifásítì tì. ASUU, tó ti ń ṣe ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ láti ọjọ́ 9, sọ tiwọn di aláìlọ́jọ́ ní ọjọ́ 23. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun méjì ló kó àwọn ọmọ wa jọ sílé, nígbà tí àwọn ọmọ yunifásítì aládàáni ti ń kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tiwa kò kà rárá. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko.

Ní Kàdúná, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Gómìnà El-Rufai fúnra rẹ̀ kéde pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun ní àrùn náà. Ìjayà bo ìlú. Ẹ rántí bí ọjà Sábọ́n Gàrí ṣe rí, tí a ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé ayé, tó wá dákẹ́ bí ibojì. Ọjọ́ díẹ̀ péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ ká jáde ra nǹkan. Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ni Àjíǹde bọ́ sí lọ́dún yẹn. Inú pálọ̀ ni mo ti kọ orin Àjíǹde, èmi àti ìyàwó mi méjì péré, fóònù sì wà láàárín wa lórí tábìlì.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àìsàn yóò dá ẹsẹ̀ dúró nílùú yìí. Rélùwéè tó gbé àwọn bàbá bàbá wa wá síbí, tí ojú irin rẹ̀ ti Èkó gba Zaria dé Kánò ní 1911, òun náà ló gbé àrùn ìnfúlúẹ́ńsà gòkè Ọya. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ Èkó. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà, nínú nǹkan bí mílíọ̀nù méjìdínlógún tó wà nígbà náà. Kò sí yunifásítì kankan ní ilẹ̀ yìí lásìkò yẹn. Ti Ìbàdàn kò dé títí di 1948, ABU tiwa ní Sàmárù di 1962. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé wà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ láti gbàdúrà nítorí àrùn náà, Sophia Odunlami, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ olùkọ́, sì wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Ẹ mọ ibi tí ẹgbẹ́ àdúrà yẹn dé. Nínú rẹ̀ ni gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ti hù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí níbẹ̀ ni pé nígbà tó yá, wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, dọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n sì jọ ń rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́tà àti ìwé ìròyìn inú pósítọ́fíìsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìjọ yẹn kò rán míṣọ́nnárì kan wá síbí rí. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ ìsìn láti òkèèrè bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, ẹ ní kó lọ bi àwọn ará Ìjẹ̀bú.

Àmọ́ ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ rere, òun náà ló ń gbé ọ̀rọ̀ búburú. Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín níbí. Ní oṣù keje ọdún 2014, Ebola wọ Èkó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ, kí ilẹ̀ tó mọ́, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi kan ni, láti ilé. Ó ní kí n dìde, kí n bu iyọ̀ sínú omi gbígbóná, kí n fi wẹ̀, kí n sì mu díẹ̀ níbẹ̀. Mi ò bi í léèrè ohunkóhun. Èmi tí mo ti kọ́ni ní ìtàn fún ọdún méjìlélógún, mo fi iyọ̀ wẹ̀, mo sì mu ún! Ìyàwó mi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó di aago mẹ́jọ, iyọ̀ ti wọ́n ládùúgbò wa. Àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù ló gbé e káàkiri Nàìjíríà ní òru ọjọ́ kan, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì le fún jù. Ìwé ìròyìn gbé e jáde pé ó pa ènìyàn. Ebola fúnra rẹ̀, ogún ènìyàn ló mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ ló kú, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Àwọn ọ̀dọ́ kan, dókítà àti àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà, ti jókòó sórí Twitter àti Facebook lásìkò náà láti máa já irọ́. Wọ́n ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n èmi kò sí lórí Twitter. Ẹ̀gbọ́n mi náà kò sí níbẹ̀.

Ní apá ibí yìí, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹ rántí ọdún 2003, nígbà tí Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Òkè Ọya, títí kan Kàdúná, kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ torí ọ̀rọ̀ tó ń lọ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ó tó ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn ìgbà náà, oṣù kẹjọ ọdún 2020, kí wọ́n tó kéde pé irú àrùn rọpárọsẹ̀ tó ń jà láti ilẹ̀ wá ti kúrò ní Áfíríkà. Àárín kòrónà gan-an ni ìròyìn ayọ̀ yẹn jáde. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ ọ.

Torí náà, nígbà tí 2020 dé, tí àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọ̀rọ̀ ata ilẹ̀, aáyù àti omi gbígbóná, tí àwọn kan ní Èkó ti gbé kílóróòkúìnì mì títí tí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, ọmọ àbúrò mi wá bá mi. Ó ní, "Dádì àgbà, ẹ má jẹ́ ká tún wẹ iyọ̀ o." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, gbogbo wọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà nílé, ti pín àwọn àgbàlagbà àdúgbò mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Haúsá, ọmọ aládùúgbò wa tí a jọ ń lo kànga kan náà. Wọ́n máa ń mú ohun tí NCDC bá sọ lọ́jọ́ náà, wọ́n á sọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Haúsá sínú fóònù, ìṣẹ́jú kan péré, wọ́n á fi ránṣẹ́. Nígbà tí àwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, ọmọkùnrin yẹn ló ń sọ fún àwọn ìyá inú agboolé rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè ṣínu láì kó ara wọn jọ.

Mo mọ̀ pé ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀nà tó tóbi. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ní kí àwọn ènìyàn yọ̀ǹda ara wọn fún NHS ní ìparí oṣù kẹta. Ìdá mẹ́rin mílíọ̀nù ni wọ́n ń wá, iye tó forúkọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé àádọ́ta ẹgbẹ̀rún. Lára iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn ni kí wọ́n máa fóònù àwọn arúgbó tó dá wà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kúrò ní wọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ti ilé pe àwọn aláìsàn. Níbí, àwọn àgùnbánirọ̀ ran ìbomú, wọ́n po ọṣẹ àti ohun ìpakòkòrò ọwọ́, NYSC sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ márùn-ún Muchia ṣe, kò sí ẹni tó rán wọn, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àfi ìwé ìkọ̀wé yìí.

Dátà ni ìṣòro wọn àkọ́kọ́. Òru ni dátà máa ń pọ̀, torí náà òru ni wọ́n máa ń fi ohùn ránṣẹ́. Iná kò sí. Àwọn ọmọ náà á kó fóònù lọ sí ilé ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, tún ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC lórí fóònù. Á ya iṣẹ́ sórí bébà, á yà á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́, á wá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. WAEC ti sún síwájú títí di ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ. Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà yege ìṣirò. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí àwọn méjì tó kù ṣe jẹ́. Ó ní wọn kò ní fóònù tiwọn, fóònù ìyá wọn ni, ìyá sì máa ń gbé e lọ sí ọjà ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i.

Ìṣòro kejì ni ohun tí mo rí nínú ìwé náà fúnra mi, mo sì rò ó pẹ́ kí n tó pinnu láti kọ ọ́. Orúkọ kẹtàdínlógún. Ẹ wo iwájú rẹ̀: òdo, òdo, òdo, títí dé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Bàbá kan ni, tó ń dá gbé. Ọmọ wa rò pé ó ti lọ sílé, torí pé ọ̀pọ̀ ló sáré lọ sí ìlú wọn kí wọ́n tó ti ọ̀nà. Nọ́mbà kan ló ṣì kọ nínú mọ́kànlá, ó kọ mẹ́fà níbi tó yẹ kó jẹ́ mẹ́jọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá náà ti tán ní ọ̀sẹ̀ kejì kónílé-ó-gbélé. Ọjọ́ tí wọ́n jẹ́ ká jáde ra nǹkan ni aládùúgbò kan yà síbẹ̀, ó bá a nílẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Ṣíkà. Kò kú nígbà yẹn, àmọ́ apá náà kò padà bọ̀ sípò títí tó fi sùn nínú Olúwa ní 2022.

Ọmọ náà sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kò sì gbà mí gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá èmi náà gba ara mi gbọ́. Kò pa àwọn òdo yẹn rẹ́. Lójú ewé kejì, ó fi bírò pupa kọ òfin tuntun: bí òdo bá di mẹ́ta, kí ẹnì kan lọ dúró lẹ́nu géètì. Láti ọjọ́ náà, ẹ ó máa rí àmì kẹta nínú ìwé, ẹsẹ̀ kékeré kan tó yà. Ó fara balẹ̀ yà á o, pẹ̀lú ìka márààrún. Ọmọkùnrin aládùúgbò wa ló ń lọ jù, torí òun ló lè bá àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀ ní Haúsá tó já gaara. Á dúró lẹ́yìn géètì, á pariwo kí wọn, á gbé oògùn tàbí àpò gàrí sílẹ̀, á sì padà. Mo ka àmì ẹsẹ̀ náà. Mọ́kàndínlógójì ni.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé wọ́n sìn wá láti inú ilé, síbẹ̀ n kò lè sọ pé fóònù ló sìn wá. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù lọ́dún náà, ẹ bi ara yín bí ohùn náà ṣe dé ọ̀dọ̀ yín. Màmá tó ń ta àkàrà lẹ́bàá ilé wa kò mọ WhatsApp. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mọ́kànlá ló ń ṣí i fún un láràárọ̀, tó ń gbé fóònù sí i létí. Orúkọ ọmọ yẹn kò sí nínú ìwé rárá.

ASUU dá iṣẹ́ dúró títí di ọjọ́ 23 oṣù kejìlá. Àgọ́ àgùnbánirọ̀ ti ṣí padà ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá. Ọmọ àbúrò mi padà sí kíláàsì, ó ṣe tán pẹ̀lú ọdún kan tó nù, ó sì lọ sin ìlú ní Ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Ó jẹ bángá, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, ó wọ khaki, ó gba ìwé ẹ̀rí. Mo bi í pé èwo ló ṣòro jù nínú ìsìn méjèèjì. Ó ní, "Ti Dẹ́ltà, mo mọ ọjọ́ tó máa parí."

Ẹ̀yin tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tàbí ohùn bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. Ẹ mú un wá fún mi lẹ́yìn ìsìn, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìjọ. Púpọ̀ nínú wa ti pààrọ̀ fóònù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà, gbogbo ohùn yẹn sì ti bá a lọ.

Ojú ewé tó kẹ́yìn jẹ́ ti oṣù kẹfà, nígbà tí wọ́n tú kónílé-ó-gbélé sílẹ̀ ní Kàdúná. Nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo fi lẹ́ẹ̀dì fa ilà sábẹ́ àwọn tó ti lọ: mọ́kànlá. Màmá alákàrà wà lára wọn. Mo pe nọ́mbà rẹ̀ lánàá láti wò ó bóyá ó ṣì ń lọ. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ti ń fọ́. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ta lẹ ń wá?" Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù náà wà báyìí.